Ọjọ́ Tí Mo Padà Sídìí Àtẹ Mi

Ọjọ́ tí mo padà sídìí àtẹ mi ní Mile 12, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún mi ní Íńdíà, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Dókítà ti ní mo lè máa tajà, bí n kò bá ṣáà ti gbé ẹrù. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi wọ ọkọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yà sí ìlà àwa tí a ń ta tòmátì, ariwo ọjà rọlẹ̀. Mo kí wọn, ńṣe ni wọ́n ń sún mọ́ ara wọn.

Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń pàtẹ. "Ìyá Kúdí, kí ló dé?"

"Aúsùbílàhì! Má sún mọ́ mi! A gbọ́ pé o kú sọ́hùn-ún. A ti ṣe fìdáù òkú rẹ. Àkúdàáyà, padà síbi tí o ti wá!"

Ibẹ̀ wá dákẹ́ débi pé gbogbo wọn gbọ́ ohun tó ń ró láyà mi: kọ́, kọ́, kọ́, bí aago ara ògiri. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àfi Ìyá Kúdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé nílẹ̀.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé àyà mi. "Irin tí wọ́n fi tún ọkàn mi ṣe ló ń dún. Ṣé òkú máa ń gbóná báyìí?"

Ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi.

Lónìí, ìró náà kò bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Èmi ni mo ń tẹ́tí sí i bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, torí ọjọ́ tó bá dákẹ́, wọ́n ti ṣe fìdáù mi sílẹ̀.