Bàtà Ìyá Dárasími Lórí Òkè Howth

Ó tọ́ kí aráyé mọ̀, kí a sì fara balẹ̀ sọ ọ́, pé Ìyá Dárasími kì í bọ́ bàtà ṣákálá. Bí ó bá bọ́ wọn, yóò tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, yóò ká ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún sínú ti ọ̀tún, ti òsì sínú ti òsì, yóò sì dojú wọn kọ ibi tí òun ń lọ. Ó gbà pé bàtà tó bá kẹ̀yìn sí iwájú, ẹ̀yìn ni yóò gbé olúwa rẹ̀ lọ. Olúníyì ọkọ rẹ̀, awakọ̀ takisí, ti fẹsẹ̀ kọ bàtà wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú u. Ó ní òun ò tíì rí iwájú tí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni dé.

Kòfowórọlá ni orúkọ Ìyá Dárasími gan-an. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní Finglas, nílùú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pariwo àfi àwọn arúgbó. Fúláàtì tí wọ́n ń gbé ní Phibsborough, bí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò níbẹ̀, ará ìsàlẹ̀ á mọ ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà kì í dùn lẹ́nu obìnrin yìí bí kò bá dé ilé kẹta. Bí ó bá ti pe Jèhófà lẹ́ẹ̀kejì, ará ìsàlẹ̀ á fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà. Lánlọ́ọ̀dù wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ilé ti di wúrà ní Dublin báyìí, àwọn tó ń wá ilé tí wọn kò sì ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Ọlọ́run pọ̀ nígboro. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Dárasími ti ń gbàdúrà nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tí ó ti orí bọ àárín àwọn kóòtù. Ọmọ rẹ̀ á kan ilẹ̀kùn: "Mam, are you in the press again?" Press ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe kọ́bọ́ọ̀dù. Olúníyì ní kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán, kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ti ń sá.

Ṣùgbọ́n orí òkè ni wọ́n ti tọrọ obìnrin yìí. Ìyá tó bí i gun òkè àdúrà láìwọ bàtà, ó ké títí ohùn fi há, kó tó lóyún rẹ̀. Ẹni tí a fi ariwo tọrọ kì í dúpẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di Sátidé kan, ó wọ rélùwéè dé ibi tí irin pin sí, ó sì rí òkè Howth.

Òkè náà kò kí i káàbọ̀. Afẹ́fẹ́ já fìlà lórí rẹ̀, ó sì fi í ta òkun lọ́rẹ. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kan bo ẹ̀gbẹ́ òkè, ó yọ òdòdó pupa rúsúrúsú, ó ń ta òórùn àgbọn. Bí o bá sún mọ́ ọn láti béèrè bóyá ará ilé ni, yóò fi ẹ̀gún dá ọ lóhùn. Níbi tí òkè ti já sínú omi, àwọn ẹyẹ òkun kún ara òkúta fọ́fọ́, oníkálukú sàba lé ẹyin lórí àyè tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń bú ara wọn tọmọtọmọ. Àwọn ẹran omi olórí bí ajá yọrí nísàlẹ̀, wọ́n ń wòran bí aláìríṣẹ́ tó bá ìjà pàdé. Inú obìnrin náà dùn. Níbi tí gbogbo nǹkan ti ń pariwo, ta ni yóò yan tirẹ̀ sọ́tọ̀?

Tierney ni. Bàbá arúgbó ni, ọmọ apẹja, wọ́n bí i sẹ́sẹ̀ òkè yẹn, ó ní ajá kan àti awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn, kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú òkun ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń gbé lọ́dọọdún, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yé nìkan ni wọ́n ń wá sórí ilẹ̀. Bí ariwo bá lé wọn sókè, kannakánná á jẹ ẹyin wọn. Kí ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìyá Dárasími ní òun ò bá ẹyẹ sọ̀rọ̀, kí bàbá kó ẹyẹ rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹranko. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti ṣe àmín, ajá bàbá á gbó.

Obìnrin náà wá jókòó, ó rò ó wò. Arúgbó kan tó ń dá rìn létí òkun, tó mọ ìgbà tí ẹyẹ ń jáde àti ìgbà tí ẹyẹ ń wọlé, tí inú sì ń bí i bí ó bá ti gbọ́ "iná". Nílùú tí wọ́n ti bí obìnrin náà, wọn kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olólùfẹ́ ẹ̀dá. Ó fi Tierney kún àdúrà ọ̀tá ní kíákíá. Tierney náà búra pé òun yóò jẹ́ kí àwọn alábòójútó òkè lé e dànù. Ìyá Dárasími mọ̀ pé ó lè ṣe é. Bí òkè bá sì bọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ló kù.

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, ọ̀fìnkìn gba ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó gba ọjọ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sétí bèbè, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni. Ó ká ìbọ̀sẹ̀ sínú wọn, ó dojú wọn kọ òkun, ó ṣẹ́ kádígàn rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbé Bíbélì lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ó wá lọ sẹ́yìn àpáta kan, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ó dojú bolẹ̀, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ọ̀run rán ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Tierney dé, kò gbọ́ ariwo. Èyí nìkan ti tó láti dẹ́rù bà á. Ó wá rí bàtà.

Láìpẹ́, ìrànlọ́wọ́ dé láti ọ̀run. Hẹlikópítà ni, ó ń rábàbà lórí omi, ọkọ̀ agbẹ̀mílà sì ń yí ká nísàlẹ̀. Ìyá Dárasími dìde, ó gbọn koríko nù lára, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tierney, òun náà ń wo ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ta ló jábọ́?"

Tierney wo ojú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ojú bàbá náà yí padà bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sínú tíì.

"Ìwọ ni," ló wí. Ó ní nísàlẹ̀ òkè yìí, lábẹ́ àwọn òkúta ńlá tí ará ìgbàanì gbé lé ara wọn, wọ́n ní ìyàwó jagunjagun kan wà níbẹ̀ tí ìbànújẹ́ pa. "Òkè yìí ti ní obìnrin kan. Kò wá èkejì. Orúnkún tí mo fi sáré lọ pe àwọn agbẹ̀mílà nítorí rẹ, kò ní sàn mọ́ láyé mi."

"Ìbànújẹ́ wo? Àdúrà ni mo ń gbà."

"Ohùn rẹ wá ńkọ́?"

"Ọ̀fìnkìn ni."

Àwọn méjèèjì yíjú sí ara òkúta. Hẹlikópítà ti lé gbogbo ẹyẹ sókè, wọ́n fọ́n ká ojú ọ̀run bí ìyẹ́ tí wọ́n tú nínú ìrọ̀rí. Àwọn kannakánná sì ti jókòó sídìí oúnjẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ o," Ìyá Dárasími fi ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ sọ. "Èmi kọ́ ni mo pè é."



Àwọn agbẹ̀mílà fi sùúrù bá wọn wí. Wọ́n ní bí bàtà bá tún dá wà létí bèbè, obìnrin náà kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Ó dáhùn pé Mósè náà bọ́ tirẹ̀. Tierney ní Mósè kò ní aládùúgbò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá ti jókòó sórí òkúta kí ó tó dé. Ó na ọwọ́ láìkí i. Ó ní kí ó kó bàtà rẹ̀ wá; bí wọ́n bá wà lọ́wọ́ òun, òun á mọ̀ pé ẹni tó ni wọ́n wà láyé. Bí ohùn bá sì kọjá ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níwájú yẹn, kí ó lọ bá bàtà nínú òkun. Ìyá Dárasími rántí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bọ́ wọn fún un. Tierney gba bàtà, ó fi ti òsì sápá ọ̀tún, ó kẹ̀yìn wọn sí òkun, ó sì jókòó lé wọn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn.

Obìnrin náà gbàdúrà dáadáa, pẹ̀lú ìwọ̀n ohùn. Ó dúpẹ́, ó tọrọ ìlera, ó gbàdúrà fún takisí. Nígbà tó yá, ó kan àdúrà tí kì í fò dá: kí iná jó ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lé ohun ìní òun. Ó la ẹnu, ó bojú wẹ̀yìn. Ajá ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlànà àdúrà, ẹ bá wa dá sí i: ṣé kí iná kọ́kọ́ jó o ni, àbí kí ó kọ́kọ́ dìde lórí bàtà?