Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Ti So Wáyà

Ọdún méje gbáko ni riwáyà kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yan ara wọn lódì. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni bàbá wọn kọ́ àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Lọ́jọ́ kan, wáyà ọkọ̀ oníbàárà kan jóná, ẹ̀gbọ́n sì bú àbúrò níṣojú ẹni tó ni ọkọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́. Irọ́ ni. Àbúrò kó irinṣẹ́ rẹ̀ láì fèsì, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà kejì. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, oníkálukú a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú lójijì, ẹ̀yìn èrò ni àbúrò dúró sí níbi ìsìnkú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀ olóògbé wá, tí ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Fáànù rẹ̀ ò yí mọ́. Bí mo bá ti dúró díẹ̀, ńṣe ló ń hó."

"Ẹ pa á, ìyàwó wa. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ o, omi yẹn lè bó yín lójú."

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó yẹ fíúsì wò, kò jó. Ó so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, fáànù yí fìrìfìrì.

"Fáànù ò ṣe nǹkan kan. Iná ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó fọwọ́ tọ wáyà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ibì kan tí ẹnìkan ti so ó pọ̀, tó fi téèpù wé e. Ó tú téèpù náà. Wáyà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti já.

Bàbá wọn ló ń lọ́ wáyà báyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sọ́tùn-ún kó tó ṣẹ́ orí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n eléyìí dẹ̀, ó rí játijàti.

"Ta ló so èyí?"

"Bàbá àwọn ọmọ ni. Ojú wọn ti ń ṣú látọdún tó kọjá. Mo ní kí wọ́n gbé e wá fún yín, wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Oníbàárà ọjọ́sí ti padà wá jẹ́wọ́ fún wọn pé òun lòun fọwọ́ ara òun jó wáyà náà."

"Ìgbà wo ló jẹ́wọ́?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù ò sì ju ibi tí èèyàn lè rìn dé kí òógùn tó bò ó.

Ó gé ibi tó já kúrò, ó fi wáyà tuntun rọ́pò rẹ̀, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n dúró kó gbóná. Fáànù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ó fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́kún. Ìyàwó pa ọkọ̀, ó wá dúró tì í.

"Ṣé wọ́n dárúkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n kú?"

Obìnrin náà mi orí. "Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ikú ọ̀hún yá jù."