Bàtà Bàbá Mi Lẹ́sẹ̀ Ìyá Mi

Mò ń bu omi sí Dókítà lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta yẹ́ríyẹ́rí lára omi náà. Láti ojú títì, mò ń gbọ́ igbe àwọn àgbò tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà Alaba Rago, ó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ojú oorun ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń fọ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í kánjú.

Dókítà ni wọ́n, dókítà àwọn obìnrin. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìyànà-Ìbá, ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa wo àwọn aboyún. Ìyá mi lóyún nígbà yẹn. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára wọn ṣáájú, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fẹnu pe àìsàn ló ń pè é wálé. Bí Dókítà bá ti ní, "Ara ńkọ́?", kíá ni wọ́n á dáhùn, "Dáadáa ni mà, a dúpẹ́." Lọ́jọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí Dókítà fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yọ. Wọ́n ní ìyá àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wò ó láàárọ̀. Irọ́ gbuu!

Dókítà ò jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n wá bu omi fún àwọn.

"Bàtà wo ni màmá ẹ ń wọ̀ báyìí?"

"Bàtà bàbá mi ni, mà. Tiwọn ò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́."

Ọwọ́ wọn dúró nínú omi. "Orí wọn ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń fi ọ̀já dì í pinpin. Wọ́n ní kí n má sọ fẹ́nì kankan."

Wọn ò nu ọwọ́ tí wọ́n fi wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, àgbà bíi tiwọn, wọ́n ká ìró ìyá mi sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn. Ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò padà, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò.

"Ta ló sọ fún yín?" Ìyá mi fa ìró wọn bo ẹsẹ̀.

"Ọmọ yín ni. Ẹ bá a jà lọ́la. Lónìí, ẹ dìde ká lọ sí ọsibítù."

Wọ́n lọ. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, wọ́n sì gbé àbúrò mi jáde, kékeré báyìí, ó ń ké. Àwọn méjèèjì yè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀la tí Dókítà dá dé lóòótọ́ o. Olófòófó ni ìyá mi ń pè mí, àwọn ará ilé náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ó dùn mí wọra. Ìyá mi tó bí mi ò bá mi sọ̀rọ̀ gidi fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì! Dókítà ni mo sì di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kí ló dé tí wọ́n fi dárúkọ mi?

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Ọ̀rẹ́ mi dà?" Mo sá sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Mo di èémí mú. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún pè, wọ́n wá lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí a fi kó lọ sí Okokomaiko.

Ìgbà tí èmi náà lóyún ló yé mi pé bí wọn ò bá dárúkọ mi ni, ìyá mi ì bá sẹ́ kanlẹ̀, wọn ì bá máa jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo padà lọ sí Ìbá láti lọ dúpẹ́. Wọ́n ní Dókítà ti kú lọ́dún tó kọjá.

Àbúrò mi ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì lè jẹun! Bó bá ti ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, inú mi á dùn, ojú á sì tún máa tì mí. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan ṣoṣo padà láyé mi, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù yẹn ni màá padà sí. Màá jáde lọ kí Dókítà.