Ẹnu Ambrose àti Ojú Gbádé

Ẹnu ló ń bọ́ Ambrose Àkàngbé. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe oníwàásù; ògbufọ̀ sinimá ni. Ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Yábà ló gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1965. Wọ́n fún un ní máíkì, wọ́n ní kó máa tú ọ̀rọ̀ inú sinimá àwọn sí Yorùbá fún àwọn ará Mushin, Sùúrùlérè àti Èbúté Mẹ́ta. Bí sinimá bá ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé tó ń yí ẹ̀rọ á rẹ ohùn òyìnbó sílẹ̀ títí tí kò fi ní í ju kíkùn oyin lọ, ohùn Ambrose á sì gba gbogbo ilé kan. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní í mọ ohun tí òyìnbó ń sọ mọ́.

Ohùn yẹn dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n kó tú ọ̀rọ̀ bó ṣe wà? Rárá o! Bí òyìnbó bá ní àwọn ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, Ambrose á ní ilé ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù Pápá Àjàó lọ, wọ́n sì ń bẹ ọmọ kó tó wọlé. Òun gbà pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tó bá ti pa òwe yìí tán, orí rẹ̀ á wú, á tún gbé máíkì.

Gbádé, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló gbà á gbọ́ jù. Níwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí. Lọ́dún 1970, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Àrìnpé, ìyá wọn, kò kọ́kọ́ fẹ́. Ambrose ló bá a sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibi tí ọmọ yín ń lọ yìí, ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀.”

Ìyá gbà. Ta ni kò ní í gba ọ̀rọ̀ ẹnu Ambrose?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, Gbádé padà sílé wọn ní Èbúté Mẹ́ta pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ó gbé rédíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dání, ni ọlọ́pàá méjì dá a dúró. Wọ́n ní ó jí i ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun mú rìsíìtì jáde lápò. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò ni wọ́n da kóńdó bò ó, ojú ọ̀tún sì fọ́. Adájọ́ ní àwọn ọlọ́pàá náà kò jẹ̀bi, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin méjì tó gbé ìbọn, ẹ̀rù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé rédíò ló bà wọ́n! Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ ọ̀hún nìyẹn, tí gbogbo wọn sì lọ sílé wọn.

Gbádé kọ́ ló sọ èyí fún Ambrose, ìyá wọn ni. Gbádé ń bá ìyá sọ̀rọ̀, ó ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, ó ń bá adìyẹ ẹ̀yìnkùlé pàápàá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò dá lóhùn. Bí Ambrose bá wọ pálọ̀, Gbádé á dìde, á tẹríba, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, á sì bá tiẹ̀ lọ. Oṣù méjì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí Ambrose ń wá láyé mọ́ ju kí àbúrò rẹ̀ tún la ẹnu pè é ní bọ̀dá.

Ó wá kó gbogbo ìbínú rẹ̀ lé Amẹ́ríkà lórí. Èkó náà sì ń bínú lọ́dún yẹn. Rédíò ń pariwo ọ̀rọ̀ ogun Àngólà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ́de, torí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ ogun àwọn òyìnbó South Africa dúró sí ni Amẹ́ríkà lọ dúró sí. Ambrose á jókòó síwájú ilé, á máa ké.

“Ẹ wá wo ìlú tó ní òun ni tíṣà gbogbo ayé! Ó ń pín ìbọn ní Àngólà, ó ní òmìnira lòun ń pín. Ọlọ́pàá ẹ̀ ń fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ nílé! Nọ́ńsẹ́ǹsì!”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́, ọkùnrin yìí kan náà á wọ ṣáàtì funfun, á lọ gbé máíkì wọn. Irú ìbínú wo ló máa ń sinmi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Gbádé ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ní oṣù keje, Amẹ́ríkà pé igba ọdún tó ti gba òmìnira, sinimá tuntun sì dé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti fẹ́ fi í hàn, ní ọ̀sán Sátidé. Ambrose bẹ ìyá rẹ̀ kó bá òun mú Gbádé wá.

“Kí lo tún fẹ́ fi hàn án, Àkàngbé?”

“Màmá, ẹ ṣáà mú un wá. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn.”

Wọ́n wá, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, sinimá bẹ̀rẹ̀, àsíá ń fẹ́, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń kọjá. Òyìnbó ní ọgbọọgba ni wọ́n dá gbogbo ènìyàn.

“Ó ní ọgbọọgba ni wọ́n dá gbogbo ènìyàn,” ni Ambrose wí. “Irọ́ ló ń pa! Àbúrò mi ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ẹ lọ bi í pé ta ló fọ́ ọ lójú!”

Ó sọ ti rédíò, ó sọ ti rìsíìtì, ó sọ ti adájọ́. Ó sọ ti Àngólà, ó fi èpè lé e. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń lu àga, àwọn tíṣà ń pariwo “Ó tì o!” Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé sáré pa ẹ̀rọ.

“Ambrose, o ya wèrè ni? Iṣẹ́ ẹ ti bọ́ nìyẹn o!”

Ambrose ju máíkì sílẹ̀, ó la àárín èrò kọjá. Inú rẹ̀ dùn. Iṣẹ́ lọ, kó máa lọ. Àbúrò òun ti gbọ́.

Ìta ló ti bá wọn, lábẹ́ igi fúrúùtù.

“Bọ̀dá mi,” ni Gbádé wí.

Ambrose fẹ́ dì mọ́ ọn. Gbádé na ọwọ́, ó dá a dúró.

“Ẹ rántí sinimá tí ẹ fi hàn wá ní Mushin, lọ́dún 1969? Èyí tí ilé ti ń jó, tí àwọn èèyàn dúdú ń sáré kiri?”

“Ìyẹn ti pẹ́...”

“Kí lẹ sọ fún wa pé ó ń ṣẹlẹ̀?”

Ambrose ń wolẹ̀.

“Ẹ ní ilé àlòkù ni wọ́n ń jó, kí wọ́n lè kọ́ tuntun fún wọn. Ẹ ní ayọ̀ ló ń mú wọn sáré. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù.” Ohùn Gbádé kò lọ sókè. “Wọ́n fi sinimá yẹn hàn wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún. Ohùn òyìnbó nìkan ni mo gbọ́, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Bọ̀dá mi, wọ́n sọ ọ́! Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn tó fọ́ mi lójú, mi ò ní í dárí jì wọ́n láéláé. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nílẹ̀ kí n tó lọ, ẹ̀yin lẹ gbé e mì.”

“Gbádé, mo rò pé...”

“Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí. Màmá rèé. Ẹ tú u fún wọn bó ṣe wà, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀.”

Àrìnpé ń wò láti ojú ọmọ kan sí èkejì. “Kí ló fẹ́ tú, Àkàngbé?”

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú orí Ambrose lóòótọ́, kò ṣá.

“Ó ní...”

“Sókè,” ni Gbádé wí.

“Ó ní, ‘Ní ìlú wa yìí, ọlọ́pàá lè lu aláwọ̀ dúdú láìṣẹ̀, kí adájọ́ má rí ẹni tó jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí ilé fi ń jó. A ò tíì tún un ṣe.’”

Ìyá wọn yíjú sí Ambrose.

“Ìgbà wo lo ti gbọ́ èyí?”

“Ó ku ọdún kan kí Gbádé lọ, Màmá.”

Àrìnpé kò bú u. Ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún Gbádé, níbi tí kò ti ríran, ó dì í lápá mú, àwọn méjèèjì sì kọrí sí ibùdókọ̀ láìwẹ̀yìn.