Wọ́n Ní Obìnrin Bí Ọkùnrin Ni Mí

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí ní obìnrin bí ọkùnrin lẹ́ẹ̀mejì láyé mi. Mi ò ní gbàgbé ọ̀kankan. Ẹ má bínú bí mo bá ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí o. Níwájú ẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é títí dòní, lórí ìkúnlẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi.

Ìgbà tá à ń kọ́lé létí Ìlobù, lọ́nà tó lọ sí Ìfọ́n tí wọ́n ti bí mi, ni ti àkọ́kọ́. Tíṣà lèmi àti ọkọ mi, owó oṣù tíṣà kì í sì í gbé ilé dìde bọ̀rọ̀. Tá a bá gbowó, a ó ra sìmẹ́ǹtì, a ó mọ búlọ́ọ̀kù. Tówó bá tán, koríko á gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wa. Kí n tó lọ síléèwé láàárọ̀, mo ti pọnmi, mo ti bomi rin búlọ́ọ̀kù. Mo fi oyún ọmọ mi kejì ru yanrìn. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé kò yẹ kí n ṣe é o, ta ni ì bá bá mi ṣe é?

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá wa níbẹ̀, tó rí páànù yanrìn lórí mi. Ó ṣí fìlà. "Háà! Ìyàwó wa! Obìnrin bí ọkùnrin! Ká ní irú ẹ pọ̀ nínú ẹbí yìí, à bá ti lọ jìnnà!" Inú mi dùn! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣakọ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì.

A parí ilé náà, a kó wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi ṣàìsàn, ó kú. Ọmọbìnrin méjì la bí. Àwọn tó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù ń mi orí: "Ṣé obìnrin ni méjèèjì?" Àfi bí ẹni pé èèyàn mẹ́ta ló kú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, wọ́n pè mí sí agbo ilé ọkọ mi. Àwọn bàbá jókòó, ìyá ọkọ mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú ẹbí wọn, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ilé á wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á ṣàdúrà lé e, gbogbo ilé á ṣe àmín. Ẹni tó bá ti ṣe àmín ti gbà nìyẹn, kò tún lè padà wá jiyàn.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, o ṣe dáadáa fún àbúrò wa. Ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ, ẹ máa bọ̀ nínú agbo ilé, yàrá kan wà níbí fún yín. Ọmọkùnrin mi fẹ́ gbéyàwó. Òun ló máa gbé ilé yẹn, kí orúkọ àbúrò mi má baà parẹ́."

Wọ́n rí orúnkún mi nílẹ̀, wọ́n rò pé mo ti gbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Ọlọ́run á tu ìyàwó wa nínú." Mo ṣe àmín. "Ilé náà á tu ọmọ wa lára." Àwọn bàbá pariwo àmín. Mo panu mọ́.

Bàbá kan wò mí. "Ìyàwó, a ò gbọ́ àmín ẹ."

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá wa. Ti àkọ́kọ́, mo ṣe àmín. Ti ilé, mi ò ṣe. Orí mi yìí ni mo fi ru yanrìn ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọkọ mi bí ló máa gbé e." Mi ò dìde, mi ò gbóhùn sókè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ibi kankan dì mú pé mo rí wọn fín.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fò dìde, fìlà ẹ̀ já bọ́. "Ẹ ò rí i! Obìnrin bí ọkùnrin! Bó ṣe ń jọba lé àbúrò mi lórí nìyẹn títí tó fi kú!"

Ẹnu kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí mò ń ru yanrìn, oríkì ni. Mo ní yanrìn náà kì í ṣe tiwọn, ó di èébú. Inú bí mi. Mo wo àwọn ọkùnrin tó jókòó yí mi ká, tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ, tí wọ́n ń wolẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí. "Àmọ́ obìnrin ni mí. Nígbà tí mo ru yanrìn, obìnrin ni mí. Báyìí tí mo kọ̀, obìnrin náà ni mí. Mi ò rí ọkùnrin kankan níbí tí mo jọ."

Ariwo sọ. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé orí ẹ pé?" Àárín ariwo yẹn ni ìyá ọkọ mi wúkọ́. Ìyá ò gbóhùn sókè ju ẹni tó ń béèrè omi lọ.

"Èmi náà ò ṣe àmín."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yíjú sí wọn, ó lanu. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n ẹ̀, mo sì ń retí kó sọ ọ́. Ìyá tó bí i ni. Ó pa ẹnu dé, ó mú fìlà ẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó.

Ìyá nawọ́ sí mi. "Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Máa lọ sílé ẹ."