Wendell Kratz àti Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Wendell Kratz ti lò ní iléeṣẹ́ wa ní Duluth. Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní èbúté. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì kó sì wọ inú wọn lọ ṣiṣẹ́, láìjẹ́ kí olè jí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́nà, àfi kó bẹ Wendell. Òun ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé irinṣẹ́ ìwọlé náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ òun. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi.

Ìgbà tó yá, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun dé, irinṣẹ́ náà sì ti wà nínú wọn látilẹ̀. Kéèyàn ṣáà tàn án ni. Leena Koskela, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, tan ogún kó tó di oúnjẹ ọ̀sán.

"Leena, ìwọ yìí kì í ṣèèyàn!" Gordon ọ̀gá wa ló ń pariwo. "Wendell, ṣó o gbọ́? Ogún!"

"Mo gbọ́. Etí mi ò di."

Ìlara mú Wendell débi pé kò lè jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán.

Lọ́sàn-án, Leena fẹ́ fagi lé pásíwọ́ọ̀dù lórí gbogbo wọn, kó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́, ìyẹn fáìlì àṣírí kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ni yóò máa ṣí wọn. Wendell dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé ibi tí wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ àwọn tó láṣẹ bíi tirẹ̀ sí kọ́ ló fi í sí, kò sì tíì dán an wò. Gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí la mọ̀ pé a kì í jáde nínú kọ̀ǹpútà láìdán kọ́kọ́rọ́ tuntun wò. Wendell panu mọ́. Leena bojú wẹ̀yìn, ó wo Wendell, ó tẹ bọ́tìnnì, ó jáde. Kò lè wọ inú ìkankan nínú wọn láti ọ́fíìsì mọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?" Gordon fi ìbínú béèrè.

Inú Wendell ń dùn, mi ò ní purọ́, mo rí i lójú rẹ̀.

Leena yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, mo wojú yín kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò sọ nǹkan kan, mo wá ní ó ti dáa nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù níbí."

"Wendell, ṣó o wà níbẹ̀?" Gordon béèrè.

"Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Mo rí i."

Ó wa mọ́tò la yìnyín kọjá lọ sí èbúté, ó sì tún gbogbo wọn ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Leena ṣì ń kí i láràárọ̀. Àmọ́ tó bá fẹ́ tẹ nǹkan báyìí, èmi ló máa ń pè.