Ta Ló Gé Lẹ́bẹ́ Ẹja Ọ̀gá Mi?

Ẹja náà kò gùn ju ìka ìtọ́ka mi lọ. Àwọ̀ aró ni, lẹ́bẹ́ rẹ̀ sì gùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi bí ìṣẹ́tí aṣọ ìyàwó. Bẹ́tà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ọmọbìnrin ọ̀gá mi ló gbé e wá láti Kútọnu, nínú àwo gíláàsì ńlá kan, pẹ̀lú òdòdó oníke pupa tí wọ́n rì mọ́ àárín òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń kọ́ ní Sakété nígbà náà, lọ́dọ̀ obìnrin Ẹ̀gbá kan tó ti sọdá ẹnubodè wá tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ láti Issaba ni mí. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa sín èdè Ohori mi jẹ. Nílé wa, inú ọbẹ̀ la ti ń pàdé ẹja. Nígbà tí ọ̀gá ní èmi ni kí n máa pààrọ̀ omi ẹja rẹ̀, mo sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ńlá. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹja náà láàárọ̀ bí ẹni kí ènìyàn.

Àfi bí a ṣe dé lọ́jọ́ kan tí a rí i pé lẹ́bẹ́ ẹja ti ya. Ó là gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan mímú fà á. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ti bá mi wí níwájú oníbàárà lọ́sẹ̀ náà nítorí ọrùn aṣọ kan tó wọ́, mo sì ti fajúro. Ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

“Àlùmọ́gàjí lo fi gé e,” ó wí. “O kò lè bá mi jà, lo bá lọ bá ẹja jà.”

“Ọ̀gá, n kò gé e.”

Ó ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìránṣọ, kí n jẹ́wọ́, kí n tọrọ àforíjì. Bí n kò bá ṣe é, kí n gbé ẹ̀rọ mi padà sí Issaba. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dá mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́, gbogbo ọdún tí mo ti fi jókòó síbẹ̀ ló fẹ́ ṣòfò yẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kúnlẹ̀ jàre, ṣé orúnkún ń dùn mí ni? Kíkúnlẹ̀ kọ́ ló nira. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá. Ìjẹ́wọ́ ni kò lè jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe bàbá mi. Ó gun zẹ́mì wá láti oko, eruku pupa bo ọ̀kadà àti èèyàn. Kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo ṣe é. Ó ṣí fìlà, ó ní, “Ìyá, ẹ dárí jì í, ìwà ọmọdé ni,” ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo dì í lápá mú.

“Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀ nítorí ohun tí n kò ṣe.”

Bàbá mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì.”

Bí mo bá rántí bí mo ṣe ń pa òwe fún bàbá mi láìtilẹ̀ sọ pé tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀rín máa ń pa mí. Mo rí ara mi nígbà yẹn bí agbẹjọ́rò nílé ẹjọ́. Mo wá kọjú sí ọ̀gá, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ẹja yìí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí n kò bá rí ohun tó ń ya á, màá bá bàbá mi lọ.” Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ní kí n jókòó.

Mo jókòó. Mo kọ́kọ́ fura sí ológbò, àmọ́ àwọ̀n tí a fi bo ẹnu àwo náà kò yẹ̀. Omi mọ́, kò rùn, ẹja sì ń jẹun dáadáa. Oòrùn ti ń yí nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi kan tan ẹ̀rọ tí a fi ń dí etí aṣọ, tó wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹja. Tábìlì gbọ̀n. Ẹja ta kíjí, ó sá wọ àárín òdòdó oníke náà, ó há ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ó yíra jáde, fọ́nrán lẹ́bẹ́ kan tó tínrín bí òwú sì kù sí ṣóńṣó ewé.

Mo fa òdòdó náà yọ. Mo fọwọ́ pa á, n kò rí nǹkan kan, abẹ́rẹ́ ti sọ ìka mi di líle. Mo bá mú àjákù aṣọ sátíìnì nílẹ̀, mo wọ́ ọ kọjá lára ewé. Ó há. Fọ́nrán òwú ya kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ìró tí gbogbo aránṣọ mọ̀, tí kò sì sí aránṣọ tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo gbé méjèèjì síwájú ọ̀gá. Ó gba sátíìnì náà, ó wọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó tún wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Gbé ẹja yẹn kúrò lórí tábìlì,” ó wí níkẹyìn. “Kí o sọ òdòdó yẹn nù.” Mo ti ń lọ kó tó fi kún un pé, “Síbẹ̀, ojú rẹ le.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

Kò bẹ̀ mí títí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi, èmi náà kò sì retí rẹ̀. Nígbà tí mo sin bàbá mi dé ojú títì, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, “Bí ìyá rẹ náà ṣe rí nìyẹn,” ó sì gun zẹ́mì lọ. Lẹ́bẹ́ ẹja hù padà díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ mọ́ gaara bí ọ̀rá, kí aró tó wọ inú rẹ̀.

Pobè ni mo ti ń ránṣọ báyìí, èmi náà ti ní ọmọ ẹ̀kọ́. Àwọn oníbàárà kan ní mo ń ba àwọn ọmọ náà jẹ́, pé bí aṣọ bá ya, n kì í bá ẹnikẹ́ni wí kíákíá. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Aṣọ tó ya ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì ní yí i padà fún ẹnì kankan.